Ọjọ́ Tí Bàbá Ó-Tì Kọ̀ Láti Wọlé Ìdánwò

Lọ́jọ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Bàbá Ó-Tì daṣẹ́ sílẹ̀, ta lẹ rò pé ó dúró níwájú wọn? Bàbá fúnra rẹ̀ ni.

Akọ̀wé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ilé ìtẹ̀wé ni kó tó di olùkọ́. Ó pẹ́ tó ti ń da yunifásítì láàmú pé kí wọ́n dá ẹ̀ka sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ nípa iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Nígbà tí wọ́n máa gbà, ẹ̀yìn jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n fún un ní yàrá, kò sì ní fèrèsé kankan. Gíwá yunifásítì náà tún kìlọ̀ pé bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka náà ò bá ṣèdánwò lópin ọdún àkọ́kọ́, òun á ti ẹ̀ka náà pa.

Àárọ̀ ìdánwò pé. Àwọn nọ́ọ̀sì, àwọn ahunṣọ àti awakọ̀ ojú irin kan to sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní àwọn ò ní ṣèdánwò nínú ààrò. Bàbá fi ìwé ìbéèrè há abíyá, ó dúró tì wọ́n. Gíwá sáré dé.

"Bàbá, ẹ wọlé, kẹ́ ẹ pín ìbéèrè!"

"Ó tì. Mi ò la àárín ẹni tó daṣẹ́ sílẹ̀ kọjá rí láyé mi."

"Ṣé kì í ṣe ẹ̀yin gan-an ni wọ́n ń bá jà ni?"

"Èmi ni. Ẹ ò rí i bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n ṣe? Èmi ni mo kọ́ wọn."

"Màá ti ibí yìí pa lónìí!"

"Ẹ tì í. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ìta yìí tó wa jókòó."

Wọ́n sì jókòó lóòótọ́. Nígbà tí oòrùn kan àtàrí, ọ̀rọ̀ náà sú Gíwá, ló bá ṣí yàrá ìpàdé tirẹ̀ fún wọn. Àga ibẹ̀ rọ̀ débi pé awakọ̀ ojú irin sùn lọ kó tó dé ìbéèrè kejì. Wọn ò kúrò níbẹ̀ mọ́. Gíwá ló wá ń tọrọ ibi tó máa ti ṣèpàdé.

Ilé nìkan ni agbára Bàbá ò ká. Ìyàwó rẹ̀ ní kí àwọn ọmọ fọ abọ́, Bàbá ní kí wọ́n kọ́kọ́ yan aṣojú. Òun ni wọ́n yàn.

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Èmi náà ni aṣojú ìkòkò, ìkòkò sì ní òun ò sè lónìí."

Aṣojú ló fọ abọ́.

Nígbà tí Bàbá kú, lọ́jọ́ ìsìnkú rẹ̀, àwọn agbẹ́lẹ̀ ju ṣọ́bìrì sílẹ̀ lẹ́nu géètì itẹ́ òkú. Wọn ò ní ìbọ̀wọ́, wọn ò ní bàtà iṣẹ́. Ọ̀gá ibẹ̀ ní kí ọkọ̀ tó gbé òkú máa wọlé, òun á wá ẹlòmíì tó máa bo sàréè. Ìyàwó Bàbá sọ̀ kalẹ̀.

"Ó tì. Ọkọ mi ò ní kọjá. Ẹ pa ọkọ̀ yẹn."

Gíwá àná, tó ti fẹ̀yìn tì, ló kọ́kọ́ jókòó sórí koríko. Gbogbo èrò tẹ̀ lé e.

Ìyá yìí pe olórí àwọn agbẹ́lẹ̀. "Ọmọ mi, ta ló kọ́ ẹ nírú èyí?"

Ọkùnrin náà wo pósí, omi lé ròrò lójú rẹ̀. "Ọkọ yín náà ni, Màmá. Nínú yàrá ìpàdé Gíwá."

Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ìbọ̀wọ́ dé, bàtà dé. Ìpàdé kan ṣoṣo nìyẹn tí Bàbá Ó-Tì wà níbẹ̀ tí kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn, ó sì dun gbogbo wọn wọra.