Bàtà Ọmọ Tó Gun Dírágónì

Ta ló ní ọ̀wọ̀ kì í dunni? Ẹ bi ayàwòrán yìí wò. Láti ìgbà tí àrùn ìgbàgbé ti mú bàbá rẹ̀, "ẹ" ni bàbá ń fi bá a sọ̀rọ̀. "Ẹ ṣeun, mà. Ẹ má bínú, mà." Bàbá tó bí i lọ́mọ o! Ohun kan ṣoṣo ló ń fẹ́ láyé báyìí: kí bàbá tún pè é ní "ìwọ" lẹ́ẹ̀kan sí i, kó tó di pé ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Wẹ́dà ni bàbá tẹ́lẹ̀, iná ló fi ń jó irin pọ̀. Ìyá ayàwòrán ti kú nígbà tó wà lọ́mọdé, nítorí náà ṣọ́ọ̀bù bàbá ló dàgbà sí. Irin gbígbóná ń já bọ́ sílẹ̀, ọmọ á sì sáré wọlé láìwọ bàtà. Ọ̀rọ̀ kan náà ni bàbá á fi jágbe mọ́ ọn: "Ìwọ ọmọ yìí, bàtà ẹ dà?" Gbogbo ọmọ àdúgbò ló ń sá fún ohùn yẹn. Òun nìkan ni kì í sá.

Ibẹ̀ ló ti rí ìtàn tó ń yà sínú ìwé ọmọdé báyìí: ìtàn dírágónì, ejò ńlá abìyẹ́ tó ń yọ iná lẹ́nu, àti ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bá a ṣọ̀rẹ́. Àpá iná tó wà lẹ́rẹ̀kẹ́ bàbá, ó yà á sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ dírágónì.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó tẹ́ àwòrán náà síwájú bàbá, ó ń ka ìtàn rẹ̀ sókè. Wọ́n dé ibi tí ọmọ ti gun dírágónì lẹ́yìn láìwọ bàtà.

"Ó dáa gan-an, mà," ni bàbá wí. "Ẹ mọṣẹ́ yín."

Ọkàn rẹ̀ bàjẹ́. Ó fẹ́ máa kó àwòrán náà nílẹ̀ nígbà tí bàbá fìka tẹ ẹsẹ̀ ọmọ inú rẹ̀, tó sì fajú ro.

"Ìwọ ọmọ yìí! Bàtà ẹ dà?"

Áà! Omi bọ́ lójú rẹ̀. "Mò ń lọ wọ̀ ọ́, Bàbá."

"Yára!"

Ó sì lọ wọ̀ ọ́ lóòótọ́, àgbà obìnrin tó ti ń hewú, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó padà wọlé, bàbá rọra dìde fún un.

"Ẹ káàbọ̀, mà. Ẹ jókòó."

Bí ìwé náà bá bọ́ sí yín lọ́wọ́, ẹ wo ẹsẹ̀ ọmọ tó gun dírágónì. Ó wọ bàtà.