Asúnwọ̀n, Ògógóró àti Apá Àwọn Ìyá Ìjọ

Ìdí tí mo fi sọ apá àwọn ìyá ìjọ di yàrá àyẹ̀wò ni pé n kò ní yàrá àyẹ̀wò mìíràn. Mo ti ka kẹ́mísírì jáde, mo ti sìnrú ìlú, mo sì ti padà sílé màmá mi ní Ìjù-Odò, níbi tí iṣẹ́ mi kò ju ṣíṣí ìdérí ìkòkò lọ. Àyà mi kì í balẹ̀. Tí màmá mi bá kí mi pé, “O kú ìjókòó,” mo máa ń rò pé ó ń bú mi ni. Tí kò bá sì kí mi, mo máa ń rò pé èébú náà ti ju ẹnu lọ.

Obìnrin kan tó ń po ìpara tà ní Òkìtìpupa ló yọ mí. Ó fẹ́ fi asúnwọ̀n sínú ìpara rẹ̀, ewé tí gbogbo wa fi ń ra làpálàpá láti kékeré. Ó ní, “Bá mi fa omi ewé náà jáde, kí o pò ó mọ́ òrí. Bí ara èèyàn bá gbà á, wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dọ̀ mi. Bí ó bá bó wọn lára, jókòó sílé yín.”

Mo sá ewé náà síbòòji, mo gún un, mo sì rẹ ẹ́ sínú ògógóró, nítorí ọtí ló ń fa agbára ewé jáde, àwọn tó ń sè é kò sì jìnnà sí wa. Mo sẹ́ ẹ, mo sì gbé e sórí omi gbígbóná títí ọtí náà fi gbẹ, tó ku nǹkan dúdú kan tó dà bí ọ̀dà. Mo pò ó mọ́ òrí. Mo wá fún àwọn ìyá ìjọ màmá mi, àwọn aláṣọ funfun onísùtánà tí kì í fẹnu kan ọtí, ní ike méjì-méjì: òrí lásán fún apá òsì, èyí tó ní asúnwọ̀n fún apá ọ̀tún, kí a lè mọ ìyàtọ̀. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má fi nǹkan kan kún un. Mo ṣàlàyé ìdí rẹ̀. Mo tún ṣàlàyé pé bí wọ́n bá fi nǹkan kún un, n kò ní bínú, àmọ́ inú mi kò ní dùn, àti pé ohun méjèèjì yàtọ̀ síra.

Ìyá olórí akọrin ní, “Ọmọ yìí, ìpara lo fún wa ni àbí ìwàásù?” Ó ṣí ike, ó gbóòórùn rẹ̀. “Ọtí nìyí.”

“Ọtí náà ti fẹ́ lọ, mà.”

“Ibo ló fẹ́ lọ? Inú imú mi?”

Wọ́n wo ara wọn, wọ́n dúpẹ́, wọ́n kó ike wọn lọ.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ yí po, mo lọ wo apá wọn lẹ́yìn ìsìn. Ara wọn ń dán. Inú mi dùn, títí mo fi rí i pé apá òsì ń dán bí apá ọ̀tún, gbogbo wọn sì ń ta sánsán lọ́fíńdà.

“Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí lẹ ṣe sí i?”

Ìyá olórí akọrin ló dáhùn. “A gbé e lọ síwájú pẹpẹ. Wòlíì gbàdúrà sí i, a bu òróró sí i dáadáa, kí ọtí inú rẹ̀ lè kú.”

“Ike wo lẹ bu òróró sí?”

“A da gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú abọ́ kan, a wá tún un pín. Àbí kí apá kan gba ìbùkún, kí èkejì máa wò ó?”

Mo jókòó sórí ẹní ìjọ pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán. Inú bí mi, ojú tì mí pé inú ń bí mi nílé Ọlọ́run, ebi sì wá ń pa mí. Ìyá kan gbé púpurú, òkèlè ẹ̀gẹ́ ilẹ̀ wa, fún mi, mo jẹ ẹ́ pẹ̀lú ìbànújẹ́, mo sì tún bù sí i. Nígbà tí wọ́n jẹ́rìí ní Sunday tó tẹ̀ lé e, pẹpẹ gba ọpẹ́, òróró gba ọpẹ́. Kò sẹ́ni tó dárúkọ asúnwọ̀n.

Màmá mi ní, “Ṣebí kò bó ẹnikẹ́ni lára? Lọ sọ bẹ́ẹ̀ fún obìnrin náà.”

Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìpara tí obìnrin náà yóò tà kò ní gba iwájú pẹpẹ kọjá. Mo bá mú èyí tó ṣẹ́ kù lọ́dọ̀ mi, tí kò rí òróró rí, mo fi ra apá ọ̀tún ara mi, mo sì fi òrí lásán ra òsì. Nígbà tí ilẹ̀ yóò fi mọ́, apá ọ̀tún ti pọ́n, ó ń yún mi bí ìgbà tí mo gbá wèrèpè mọ́ra. Òsì kò ṣe nǹkan kan. Ó wá yé mi: mo ti po asúnwọ̀n náà le jù, òróró ìjọ ló là á. Bóyá àdúrà wà ńbẹ̀, n kò bá màmá mi jiyàn. Mo dín ewé kù, mo fi òróró kún un fúnra mi, mo sì ń dán an wò títí apá mi fi dákẹ́.

Mo gun ọ̀kadà lọ sí Òkìtìpupa, mo sì ro gbogbo rẹ̀ fún obìnrin náà, ti pẹpẹ, ti apá mi, ti ẹ̀rù tó ń bà mí. Oníbàárà wọlé, wọ́n dúró, wọ́n jáde.

“Ṣé o ti parí?”

“Ó ku díẹ̀, mà.”

“Fi ìyókù sínú.” Ó fi ìka bu ìpara náà, ó ra á sí kọ̀rọ̀ ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀, ó ní kí n máa lọ ná.

Nígbà tí mo padà lọ lọ́jọ́ kejì, ó na apá rẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀ ẹnu ọ̀nà. “Kò yún mi.”

“Ẹ tún wò ó dáadáa, mà. Nígbà mìíràn ó máa ń pẹ́ kó tó—”

“Mo ní kò yún mi. Ọ̀la ni kí o bẹ̀rẹ̀. Kí o sì jẹ́ kí ọtí yẹn gbẹ dénú, torí èmi náà ń wọ sùtánà.”