Omi Ẹsẹ̀ Tí Wọ́n Bù fún Ìyàwó Mi

Ọdún tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ológun, tí mo wá bá ìyàwó àti àwọn ọmọ mi ní Ọ̀yọ́, ni àwọn ará ilé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ jẹ́ kí n mọ̀ pé wọn ò ka ìyàwó mi mọ́ àwọn ìyàwó ilé. Níbi ìsọmọlórúkọ kan ni. Wọ́n ń pín ẹran fún àwọn obìnrin ilé bí wọ́n ṣe wọlé ọkọ tẹ̀ lé ara wọn. Wọ́n pín in títí, ìyàwó tí àbúrò mi gbé lọ́dún tó kọjá gba tirẹ̀, kí wọ́n tó rántí ìyàwó mi, obìnrin tí àkọ́bí rẹ̀ ti ga jù mí lọ.

Mo béèrè ìdí. Àbúrò bàbá mi, tó jẹ́ baálé ilé wa, rẹ́rìn-ín.

"Ṣójà, má bínú. Bárékè lo ti gbé e níyàwó, a ò wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé yìí rí. Àmọ́ a máa tún un ṣe lónìí. Ẹ lọ bu omi wá!"

Gbogbo wọn ń kí wa kú oríire. Oore ni lójú tiwọn. Ìyàwó mi, tí kì í janpata, ti ń bọ́ sálúbàtà rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí omi bá kan ẹsẹ̀ ìyàwó ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ sí í ka ipò rẹ̀. Tí wọ́n bá wẹ̀ ẹ́ lónìí, òun ni yóò kéré jù nínú gbogbo wọn. Òun ni yóò máa gbálẹ̀ àgbàlá, tí yóò máa pe ọmọ àná ní ìyáálé. Inú bí mi débi pé etí mi ń hó.

Nígbà tí ìjọba ń gbé mi kiri láti Kàdúná dé Màídúgùrì, obìnrin yìí ló ń ti ìsọ̀ abọ́ tánganran rẹ̀ pa ní Ọjà Akẹ̀sán, tó ń wọ mọ́tò wá tọ́jú ìyá mi níbí. Ọwọ́ rẹ̀ ni ìyá mi kú sí. Wọ́n ti sin ín tán kí èmi ọmọ tó dé.

Ìyáálé ilé, àgbà gbogbo àwọn ìyàwó, gbé igbá omi dé. Ìyàwó mi fà mí láṣọ.

"Bàbá àwọn ọmọ, ẹ jẹ́ kí wọ́n wẹ̀ ẹ́. Kò tó ìjà."

"Ó tó ìjà."

Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mo tú okùn bàtà mi, mo bọ́ sọ́kì, mo na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú ìyáálé ilé.

"Ìyá, tèmi ni kí ẹ wẹ̀. Nínú àwa méjèèjì, èmi ni àlejò. Òun ló mọ ibi tí ìyá mi ń gbé oògùn rẹ̀ sí, èmi ò mọ̀ ọ́n. Ẹ ka tirẹ̀ láti ọjọ́ tí mo gbé e níyàwó, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ka tèmi láti òní."

"Ṣé orí ẹ pé ṣá?" Baálé ti dìde. "Ta ló ń wẹ ẹsẹ̀ ọkùnrin?"

"Ẹ má bínú, Bàbá. Ẹ wẹ tèmi, tàbí kí n kó ìyàwó àti àwọn ọmọ mi padà sí Ọ̀yọ́, kí ẹ má rí wa mọ́."

Ìyáálé ilé wò mí, ó wo ìyàwó mi. Òun náà mọ ẹni tí òun pẹ̀lú rẹ̀ jọ ń gbé ìyá mi sùn, tí wọ́n jọ ń gbé e jí nígbà àìsàn rẹ̀. Ó da omi náà sí mi lẹ́sẹ̀.

Wọ́n kó ẹran jọ, wọ́n tún un pín. Ìyàwó mi gba tirẹ̀ láàrin àwọn àgbà, ìyàwó tuntun gba tirẹ̀ lẹ́yìn. Nígbà tí gbogbo wọn gbà tán, ìyáálé ilé ké sí mi pé kí n wá gba èyí tó kù, kí n sì mú ìgbálẹ̀ dání.

Mo gbá àgbàlá náà tinútinú, ẹsẹ̀ mi ò tíì gbẹ.