Ilé Etí Òkun Láàrin Zongo

Kò sí òkun ní Kùmásì, ṣùgbọ́n ẹni tó bá rí ilé tí mo kọ́ fún ìyá mi yóò rò pé ìgbì ń bọ̀ wá fọ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ògiri funfun, òrùlé amọ̀ pupa, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí àwọn òpó rẹ̀ tẹ̀ bá ara wọn lókè bí òṣùmàrè, àgbàlá kékeré tí omi ń tú sókè láàrin rẹ̀. Ilé àwọn olówó etí òkun Ítálì àti Sípéènì ni àwọn ará Amẹ́ríkà wò kọ́ irú rẹ̀. Inú ìwé ni mo ti rí i nígbà tí mò ń kọ́ iṣẹ́ àwòrán ilé, kò sì kúrò lọ́kàn mi mọ́. Nígbà tí àwọn ẹ̀gbọ́n mi tó wà lókè òkun ní kí n tún ilé kọ́ fún Màámi, èmi ti mọ èyí tí n ó kọ́.

Moshie Zongo, àdúgbò àwọn àlejò ní Kùmásì, ni ilẹ̀ náà wà. Bàbá bàbá mi, ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó wá ń ta aṣọ, ló kọ́ agboolé síbẹ̀. Nínú yàrá tó sún mọ́ ẹnu ọ̀nà, obìnrin Àṣáńtì kan ń gbé, tó ń ta kókó àti kóósé, ìyẹn ògì gbígbóná àti àkàrà, láàárọ̀. Nana ni gbogbo wa ń pè é. Ó ti bá wa gbé débi pé Yorùbá rẹ̀ já gaara.

Nígbà tí ìjọba lé àwọn àjèjì kúrò ní Gánà, tí Màámi, ìyàwó tuntun, bá ọkọ rẹ̀ padà sí Nàìjíríà, Nana ni wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ fún. Àwọn kan wá láti gba ilé náà. Nana gbé àga sí ẹnu ọ̀nà, ó jókòó, ó ní àfi kí wọ́n gbé òun tòun tàga. Wọn ò lè gbé e. Nígbà tí àwọn òbí mi padà dé, wọ́n bá àgbàlá ní gbígbá.

Mo ti mọ ìtàn yìí kí n tó mọ̀wé kà. Síbẹ̀, mi ò ya yàrá fún Nana. Ibi tí yàrá rẹ̀ wà ni mo fi ṣe ibi ìgbọ́kọ̀sí. Mo ní kó lọ máa gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin ní àdúgbò Dichemso.

"Ó dáa, me ba," ló wí. Ọmọ mi, bó ṣe ń pe gbogbo ọmọ ilé nìyẹn. Ó palẹ̀ ìkòkò rẹ̀ mọ́, ó lọ.

Ọ̀dọ̀ mi ní àdúgbò Bantama ni Màámi wà ní gbogbo àkókò ìkọ́lé náà. Nígbàkígbà tó bá béèrè Nana, mo máa ń ní kó fọkàn balẹ̀, pé mo ti ṣètò rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí mo bá Màámi kó wọ ilé tuntun náà, ó rìn yí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ká, ó fọwọ́ kan òpó kan.

"Yàrá Nana dà?"

"Màámi, ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ ló wà. Ara tù ú níbẹ̀."

"Òun ló sọ fún ẹ pé ara tu òun?"



Láti ìgbà náà, bí Màámi bá ti kírun àárọ̀ tán, á wọ táásì, ó di Dichemso. Bó bá dé nírọ̀lẹ́, á dáhùn ìkíni mi, á wọ yàrá, á ti ilẹ̀kùn. Ì bá bá mi jà, ì bá sàn.

Nígbà tí mi ò lè gbà á mọ́ra mọ́, mo tẹ̀ lé e. Nana jókòó níwájú ṣọ́ọ̀bù ọmọ rẹ̀. Mo kúnlẹ̀.

"Dìde, ẹrẹ̀ wà nílẹ̀," ni Nana wí. "Ilé yín rẹwà o. Mo ti rí i láti ojú títì."

"Kí ló dé tí ẹ ò wọlé?"

Ó wo Màámi, ó wò mí.

"Ta ló pè mí?"

Mo sọ ibi ìgbọ́kọ̀sí di yàrá, mo jẹ́ kí ilẹ̀kùn rẹ̀ kọjú sí títì. Nana wá wò ó. Ó jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, ó dúpẹ́ bí ẹni tí wọ́n ta lọ́rẹ ohun tí kò tọ́ sí i. Ìyẹn ló dùn mí jù. Ó ní Dichemso ti mọ́ òun lára. Kò sùn níbẹ̀ rí, ṣùgbọ́n Màámi ń gbá yàrá náà, ó ń pààrọ̀ aṣọ bẹ́ẹ̀dì.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, Nana máa ń wá. Mo máa ń gbọ́ ẹ̀rín àwọn méjèèjì láti yàrá mi lókè. Bí mo bá sọ̀ kalẹ̀ láti kí wọn, wọ́n á fi ọ̀yàyà dá mi lóhùn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín yẹn á ti dá, kì í sì í padà títí n ó fi kúrò níbẹ̀.