Ẹ̀wù tí Ojú Àwòdì Kò Rí Rí

Ojú Àwòdì ni gbogbo àdúgbò ń pe ọkùnrin náà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa tún àwòrán ṣe lórí kọ̀ǹpútà, nínú ṣọ́ọ̀bù tóóró kan tí wọ́n fi aṣọ dúdú bo fèrèsé rẹ̀. Bí ìyàwó tuntun bá yàwòrán lábẹ́ igi, tí ojú rẹ̀ wá rí bí ewé, òun ni yóò dá àwọ̀ rẹ̀ padà fún un.

"Kámẹ́rà ò ríran tó bí ẹ ṣe rò," ni ó máa ń wí. "Ẹgbàágbèje ojú kéékèèké ló wà nínú rẹ̀. Òmíràn ń rí pupa nìkan, òmíràn àwọ̀ ewé, òmíràn búlúù. Èyí tí ọ̀kan ò bá rí, ọwọ́ aládùúgbò ló ti ń yá a, kọ̀ǹpútà á wá méfò ìyókù."

"Ìyá ọkọ mi gan-an nìyẹn," obìnrin tó ń tẹ àwòrán sórí bébà á fèsì. "Kò rí nǹkan kan, kò sì sí ohun tí kò mọ̀."

Nígbà tí ọmọ Ojú Àwòdì kú, ẹ̀rín tán ní ṣọ́ọ̀bù. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí ni. Ó ti lé e jáde nílé láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn, nítorí pé ó kọ iṣẹ́ àwòrán, ó ń lọ bá àwọn kọ́lékọ́lé ṣiṣẹ́. "Má jẹ̀ẹ́ kí n fojú kàn ẹ́ mọ́," ni ó wí. Ọ̀rọ̀ náà sì ṣẹ: orí àkàbà ni ọmọ náà ti já bọ́.

Àwòrán ọmọ náà kan ṣoṣo tó ṣeé gbé kọ́ ògiri, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló yà á láti òkèèrè. Ọmọ náà ń rẹ́rìn-ín nínú ẹ̀wù tí ìlà ara rẹ̀ tín-ín-rín bí irun. Ìlà wọ̀nyí kéré ju ohun tí kámẹ́rà lè yà sọ́tọ̀ lọ, ibẹ̀ ni ìméfò ti dojú rú: àwọ̀ òṣùmàrè ń rú lórí àyà rẹ̀ bí epo lójú omi. Bàbá tún un ṣe lọ́nà kan, ẹ̀wù pọ́n. Ó gba ọ̀nà mìíràn, ó di àwọ̀ ewé. Àfi kí ẹni tó fojú rí ẹ̀wù náà sọ òótọ́.

Ó gbé kọ̀ǹpútà wálé, ó gbé e ka orí tábìlì ìjẹun.

"Ìyá ọmọ, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ò rántí. Onílé rẹ̀ ní bóyá pupa. Ta la fẹ́ bi báyìí?"

Ìyàwó rẹ̀ ń ká aṣọ tó gbẹ. Kò gbójú sókè.

"Búlúù àti funfun ni."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Èmi ni mo rà á fún un."

Ọkùnrin náà yíjú sí i.

"Bí mo bá ní mò ń lọ kí ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mò ń lọ. Ẹ ní ẹ ò fẹ́ fojú kàn án. Ẹ ò ní kí èmi náà di afọ́jú."

"O ò sì sọ fún mi."

"Bí mo bá débẹ̀, á ní, 'Ṣé inú Bàbá ti rọ̀?' Èmi á ní ó kù díẹ̀." Ó ká aṣọ kan sí i. "Mo rò pé ó kù díẹ̀ lóòótọ́ ni."

Ojú Àwòdì yíjú padà sí kọ̀ǹpútà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í dá ìlà ẹ̀wù náà padà sí búlúù àti funfun, ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́yìn rẹ̀. "Ó ṣú jù. Ẹ dín in kù. Ó tún kù díẹ̀. Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

Nígbà tó ṣe tán, ó ń wo àwòrán náà, kò lè pa kọ̀ǹpútà.

"Báwo ni ohùn rẹ̀ ṣe wá rí?" ni ó béèrè.

Obìnrin náà fa àga, ó jókòó tì í.

"Bó bá wúkọ́ nínú yàrá," ni ó wí, "n ó rò pé ẹ̀yin ni."