Kẹ́ẹ̀gì Ẹmu Tí Ọkọ Mi Dé Pa

Ohùn ẹmu ni mo máa ń kọ́kọ́ gbọ́ láràárọ̀ nígbà náà, kí n tó gbọ́ ohùn ọkọ mi. Bí Bàbá Fọlákẹ́ bá ti sọ kẹ́ẹ̀gì kalẹ̀ lẹ́yìn ilé wa ní Èmùrè, ẹmu á máa hó ṣììì, bí ìgbà tí àwọn àgbà ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ lẹ́yìn ògiri. Akọ̀pẹ ni ọkọ mi. Ewé gbígbẹ ló fi ń dí ẹnu kẹ́ẹ̀gì, kì í sì í dí i le. Bí oníbàárà bá bi í pé kí ló dé tí kò fi ọmọrí dé e, á ní, "Ẹmu ń mí. Ohun tó bá ń mí, a kì í dí i nímú." Bí oòrùn bá ṣe ń mú tó ni èémí ẹmu ń pọ̀ tó, ó sì gbọ́dọ̀ ríbi gbà jáde. Ìwé kẹrin ni mo kà mọ, ṣùgbọ́n èyí yé mi dáadáa.

Ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ Èkìtì kúrò lára Oǹdó ni, tí gbogbo ènìyàn ń sọ pé iṣẹ́ ìjọba á kárí wa báyìí. Délé, ọmọ Ìkẹ́rẹ́, rí iṣẹ́ tíṣà, ó sì rí Fọlákẹ́, àkọ́bí wa. Bàbá Délé ti ṣe ọ̀gá ilé ìwé títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ẹnìkan ló wá sọ fún ọkọ mi pé àwọn kan nínú ẹbí náà ń bèèrè pé, "Ọmọ akọ̀pẹ kẹ̀?" Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ ọ́ lára. Kò sí ohun tó wá fẹ́ láyé mọ́ ju kí wọ́n gba ọmọ rẹ̀ sílé láìfojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀.

Ní Sátidé kan nínú ẹ̀ẹ̀rùn, bàbá Délé wa mọ́tò rẹ̀ wá kí wa, òun àti Délé. Èmi ń yọjú sóde ṣáá. Kì í ṣe àlejò ni mò ń wò o, àwọn aládùúgbò ni, bóyá wọ́n ti rí mọ́tò lẹ́nu ọ̀nà wa. Wọ́n jẹun, wọ́n mu ẹmu, bàbá Délé yìn ín títí, ni ọkọ mi bá gbé kẹ́ẹ̀gì kan jáde pé kí wọ́n gbé e lọ sílé.

"Bàbá Fọlákẹ́, ẹ ṣeun púpọ̀," ni bàbá Délé wí, ó ń rẹ́rìn-ín, "ṣùgbọ́n kó má dà sínú mọ́tò mi o. Bí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì bá gbóòórùn rẹ̀ lọ́la, wọ́n á ní ẹmu ni mo fi ń wẹ̀."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, àfi ọkọ mi. Ó yọ ewé dànù, ó fi ọ̀rá bo ẹnu kẹ́ẹ̀gì, ó wá lọ́ ọmọrí lé e títí iṣan fi yọ lápá rẹ̀. Mo sún mọ́ ọn.

"Ṣé ẹ ò ní jẹ́ kó mí ni?"

"Dákẹ́," ó fi ẹnu ìlú wa wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ulé wọn ò jìn."

Fọlákẹ́ bá wọn lọ, kó lè lọ kí ìyá Délé. Iṣu tí a kó fún wọn ti kún ẹ̀yìn mọ́tò, nítorí náà ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ ọmọ mi ni wọ́n gbé kẹ́ẹ̀gì sí. Ilé wọn kò jìn lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n yà kí ẹ̀gbọ́n bàbá Délé ní Ìsẹ̀. Wọ́n gbé mọ́tò sí gbangba oòrùn, wọ́n ti gbogbo fèrèsé rẹ̀, wọ́n sì jókòó pẹ́. Nígbà tí wọ́n padà wọ inú rẹ̀, ó ti gbóná bí ààrò, kẹ́ẹ̀gì sì ti yọkùn bí aboyún. Ọmọ akọ̀pẹ ni Fọlákẹ́. Ó rí i, ó mọ̀. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ dúró ná," ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó lè dẹ ọmọrí díẹ̀. Ọmọrí kò dúró dè é. Ojú òsì rẹ̀ ló bà.

Ní ọsibítù, Délé ń sọkún, síbẹ̀ ó ń ṣàlàyé fún wa bí tíṣà; bóyá kò mọ ohun mìíràn tí ì bá sọ. Ó ní afẹ́fẹ́ tí wọ́n bá há mọ́ ibi kan, bó bá gbóná tí kò ráyè fẹ̀, ńṣe ni agbára rẹ̀ á máa le sí i, títí yóò fi wá ọ̀nà fúnra rẹ̀. Ọkọ mi jókòó, ó tẹjú mọ́lẹ̀.

"Mo mọ̀ ọ́n, ọmọ mi," ló wí. "Mo mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó bí ọ."

Gbólóhùn tó sọ kẹ́yìn nípa ọ̀rọ̀ náà nìyẹn, títí tó fi kú.

Ojú náà kò ríran mọ́. A rò pé ìgbéyàwó ti bàjẹ́, ṣùgbọ́n bàbá Délé padà wá sí Èmùrè, ó jókòó sórí àga kan náà. Ó ní, "Èmi ni mo ní kó má dà. Ojú kan ni o, ojú méjì ni o, ìyàwó ọmọ mi ni Fọlákẹ́." Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja dúpẹ́. Bí wọ́n ṣe lọ tán, ó ká igbà tó fi ń gun ọ̀pẹ, ó fi í sókè àjà, kò sì gun ọ̀pẹ mọ́. Iṣu ló ń gbìn. Bí Fọlákẹ́ bá wálé pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀, á máa bá a ṣàwàdà pé, "Bàbá, ẹ bọ́ sápá ọ̀tún, ibẹ̀ ni mo ti lè rí ẹwà yín." Ọkọ mi á fẹnu rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà á dìde lọ sẹ́yìnkùlé. Àwọn àgbà ní ọjọ́ a bá kú là ń dère. Èmi ì bá fi ère náà sílẹ̀, kó sọ ọ̀rọ̀ náà fún mi lẹ́ẹ̀kan péré lójú ayé.

Ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá la sin ín. Délé ra ẹmu fún àwọn àlejò, àwọn tó gbé e wá sì tò ó sínú oòrùn, wọ́n dé gbogbo rẹ̀ pa. Mo dìde lórí ẹní opó. Mo yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo ń dẹ ọmọrí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyàwó ilé wa kan pariwo, "Ìyá Fọlákẹ́, ṣé òùngbẹ ẹmu ló gbé yín dìde ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Fọlákẹ́ já ewé wá, ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ láti ìkángun kejì.

Láràárọ̀ báyìí, ilé wa dákẹ́ ju bó ti yẹ lọ. Bí Fọlákẹ́ bá ń bọ̀ láti Ìkẹ́rẹ́, ó máa ń ra ẹmu ìgò kan wá fún mi. N kì í mu ún. Ẹ̀gbẹ́ ibùsùn mi ni mo ń gbé e sí, pẹ̀lú ewé lẹ́nu, kí n lè máa gbọ́ ọ.