Omi Àdúrà fún Ọkọ̀ Japan

Lọ́jọ́ tí mo ra ọkọ̀ Japan kékeré mi, ọkọ mi yí i po, ó sì béèrè pé ibo ni ìyókù rẹ̀ wà. Ó ní bí èèyàn bá sín nínú ẹ̀, gíláàsì á fọ́. Ọkùnrin tó ń sọ̀rọ̀ yìí, bọ́ọ̀sì ló ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Ọkọ̀ Jámánì gàgàrà tirẹ̀ ti wà níwájú ilé wa ní Becontree Heath nílùú òyìnbó níbí láti ìgbà òtútù, tí àwọn ẹyẹ ń yàgbẹ́ sí i lórí, tó ń dúró de ẹ̀yà ẹ́ńjìnnì kan tí wọ́n ní ó ń bọ̀ láti Jámánì. Ó jọ pé ẹsẹ̀ ló fi ń rìn bọ̀.

Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mò ń ṣe, láti ilé dé ilé. Ọkọ̀ tó máa ń ṣíná láàárọ̀ ni mo nílò. Níbi tí mo ti rà á ní Dagenham East, wọ́n to ti Jámánì, ti Faransé àti ti Japan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ẹni tó ń tà á sọ̀rọ̀ nípa awọ ìjókòó ti Jámánì títí itọ́ fi gbẹ lẹ́nu rẹ̀. Ó yin àwọ̀ ti Faransé. Nígbà tó kan ti Japan, ó kàn na kọ́kọ́rọ́ sí mi, ó ní àwọn tó bá rà á kì í sábà padà wá fún àtúnṣe. Àwọn òyìnbó tó ni Yúróòpù gan-an ń rà á. Ìyá òyìnbó tó múlé tì wá ní irú ẹ̀, ó ń fi gbé ajá rẹ̀ kiri láìtijú ẹnikẹ́ni. Àwa tá a wọ bàálù wá bá wọn ni ojú ń tì.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́: kí wọ́n gbàdúrà sí i. Nínú ìjọ Aládùúrà wa ní Barking, ẹni tó bá ra ọkọ̀ á gbé e wá síwájú ilé ìsìn, àwọn àgbà á fi àbẹ́là yí i ká, wọ́n á sì wọ́n omi àdúrà sí i. Ọkọ mi ní kí n má dán an wò. Ó ní òun ò lè kó àwọn àgbà ìjọ jọ sórí agolo mílíìkì, pàápàá jù lọ Bàbá tó jẹ́ olórí wọn, ẹni tí gbogbo ìjọ mọ ọkọ̀ Jámánì dúdú rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti fi orin àti ìrẹsì yà á sí mímọ́. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Òógùn ojú mi ni mo fi ra ọkọ̀ yẹn.

Ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìyẹn, bọ́ọ̀sì ò dé. Ọkọ mi ká ara rẹ̀ sínú ọkọ̀ mi pẹ̀lú sùtánà funfun, eékún rẹ̀ kan àgbọ̀n. Nígbà tá a sún mọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, ó rọra sọ̀rọ̀.

“Mummy, jọ̀ọ́, drop mi ní street ẹ̀yìn yẹn. Màá fẹsẹ̀ rìn débẹ̀.”

Inú bí mi. Mo yà síbẹ̀.

Ọkọ̀ Japan kéékèèké ló tò lọ bí ẹyin nínú páálí, sítíkà ìjọ wa sì wà lára gíláàsì wọn. Nínú ọ̀kan, ẹsẹ̀ lásán kan kọ́kọ́ yọ, lẹ́yìn náà sùtánà, lẹ́yìn náà Bàbá olórí àwọn àgbà fúnra rẹ̀. Ó kí wa bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀. Ó ní ti Jámánì wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Ọkọ mi ní bẹ́ẹ̀ náà ni tòun.

Mo ṣí búùtù, mo mú ike omi àdúrà tí mo ti ń gbé kiri láti ọjọ́ tí mo ti ra ọkọ̀ náà, mo sì kúnlẹ̀ lórí títì.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbàdúrà sí i.”

Bàbá wo ọkọ mi, ọkọ mi wo ilẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè sọ pé rárá nínú wọn. Ohùn Bàbá tó máa ń mi ògiri ṣọ́ọ̀ṣì wá di ti ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ tó ń sùn, kí ó má bàa dé iwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Ó wọ́n omi sí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó wọ́n ọn sí táyà. Mo ṣe àmín tó lọ sókè dáadáa, nítorí èmi ò ní ohun tí mò ń fi pa mọ́.

Mo nawọ́ kí n gba ike mi. Kò tíì fún mi. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sì da ìyókù omi sórí ọkọ̀ Japan tirẹ̀.